Orúkọ Tí Wọ́n Ní Kí N Lọ Pè

Mo rántí pé òjò ń rọ̀ lọ́jọ́ Àìkú tí ìjọ wa ní Igbotako ṣẹ́ ìbò Jerúsálẹ́mù. Òjò náà ń dún lórí páànù débi pé ẹ̀ẹ̀mejì ni pásítọ̀ pe orúkọ tó jáde kí a tó gbọ́. Ọmọ ìlú kan tó ń gbé òkè òkun ló ní òun yóò gbé ìnáwó ìrìn-àjò ẹnì kan ṣoṣo, kí onítọ̀hún lọ fojú rí ilẹ̀ mímọ́, kí ó sì padà wá ròyìn fún àwọn tó kù. Ẹni tó bá nífẹ̀ẹ́ sí i kọ orúkọ rẹ̀ sínú bébà, ó ká a, ó sọ ọ́ sínú agolo bisikíìtì òfìfo kan. Èmi kọ tèmi nítorí pé mo rí i tí gbogbo èèyàn ń kọ. Olùkọ́ ìmọ̀ Bíbélì ni mí ní ilé-ẹ̀kọ́ sẹ́kọ́ńdìrì kan níbẹ̀. Ọkọ mi ti kú, ọmọ kan ṣoṣo tí mo bí ń ṣiṣẹ́ ní Àbújá, mo sì ń dá gbé nínú yàrá méjì lẹ́yìn ilé-ẹ̀kọ́. Bí mo bá ti kúrò ní kíláàsì lọ́sàn-án, bí n kò bá tan rédíò, mo lè máà gbọ́ ohùn ẹ̀dá kankan títí ilẹ̀ yóò fi mọ́. Orúkọ mi ni pásítọ̀ pè.

Ìyá àgbà kan wà nínú ìjọ náà tí gbogbo wa mọ̀ pé ó ti ń gbàdúrà láti lọ sí Jerúsálẹ́mù láti ìgbà èwe rẹ̀. Ó ti lé ní ọgọ́rin ọdún. Epo pupa ló fi ọjọ́ ayé rẹ̀ fún, epo náà sì ti wọ inú èékánná rẹ̀. Òun náà ní kí wọ́n bá òun kọ orúkọ òun sínú agolo yẹn, nítorí kò mọ̀ ọ́n kọ. Nígbà tí àwọn ènìyàn ń dìde wá kí mi, ojú tì mí láti wo apá ibi tó jókòó sí. Ọjọ́ kejì ni mo rí i lẹ́nu ọ̀nà yàrá mi, òun àti ọmọ-ọmọ rẹ̀ obìnrin, tí mo ń kọ́ ní kíláàsì kejì. Ọmọ náà ru púpurú, oúnjẹ ẹ̀gẹ́ tí àwa ará Ìkálẹ̀ ń jẹ, tí wọ́n fi ewé wé. Ìyá àgbà jókòó, ó sinmi, ó sì ní kí ọmọ náà jáde síta díẹ̀.

Ó ní, "Tíṣà, mi ò bínú. Ẹni tí Ọlọ́run bá rán ni yóò lọ. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ kan wà tí mo fẹ́ rán ọ."

Ó fà mí mọ́ra, ó sì sọ orúkọ kan sí mi létí. Kì í ṣe orúkọ tí a fi ń pè é nínú ìjọ, kì í sì í ṣe èyí tí wọ́n ń pè é láàárín ọjà. Ó ní orúkọ tí ìyá òun máa ń pe òun ni, pé ọmọ ọdún méje ni òun nígbà tí ìyá náà kú, láti ìgbà náà ni ẹnikẹ́ni kò ti pe òun bẹ́ẹ̀ mọ́. Bí mo bá dé ibi tí wọ́n ní Jésù dúró sí, kí n pè é níbẹ̀. "Kí wọ́n ṣáà gbọ́ pé mo wà láyé," bó ṣe wí nìyẹn.

Mo ní mo gbọ́, Mà. Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, à á fi tọmọ jẹ́ ẹ. Iṣẹ́ ọmọ gan-an ni wọ́n rán èmi, ẹ ó sì gbọ́ bí mo ṣe jẹ́ ẹ.

Ibà ti wà lára mi kí èmi àti àwọn arìnrìn-àjò láti ìlú mìíràn tó wọ ọkọ̀ òfurufú, ṣùgbọ́n mo pè é ní àárẹ̀ ìmúra. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì tí a débẹ̀, mo fẹ́ dìde lórí ibùsùn, òòyì kọ́ mi, mo sì padà ṣubú sórí rẹ̀. Wọ́n pe dókítà, ó gún mi lábẹ́rẹ́, ó ní n kò gbọdọ̀ jáde. Ẹni tó ń darí wa ní kí n fara balẹ̀, pé bí ó bá di ọ̀la n óò bá wọn lọ. Ọ̀la náà kò dé. Ọjọ́ mẹ́fà gbáko ni mo fi dùbúlẹ̀ nínú yàrá òtẹ́ẹ̀lì náà. Obìnrin tí a jọ wà nínú yàrá, ará ìlú mìíràn tí n kò mọ̀ rí, á dé fìlà funfun rẹ̀ láràárọ̀, á ní kí Ọlọ́run wò mí sàn, á sì jáde tẹ̀lé àwọn yòókù. Lẹ́yìn náà, ó ku èmi àti fèrèsé. Ohun tí mo ń rí níbẹ̀ kò pọ̀: ògiri òkúta kan tí àwọ̀ rẹ̀ dà bíi gààrí tí wọ́n fi epo díẹ̀ sí, okùn tí obìnrin kan máa ń sá aṣọ ilé-ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ rẹ̀ sí, àti bàbá arúgbó kan tó máa ń gbé àga síta láti bó ọsàn jẹ nínú oòrùn. Agogo ṣọ́ọ̀ṣì á dún, bó bá ṣe díẹ̀ màá gbọ́ ohùn ladánì, àfi bí ẹni pé ilé ni mo wà. Mo ti rò pé mo mọ ohun tí wọ́n ń pè ní dídá wà, torí pé mo ń dá gbé ní Igbotako. N kò mọ nǹkan kan. Ní Igbotako, bí mo bá ké, ẹnì kan á dáhùn.

Ní ọjọ́ karùn-ún mo wọ bàtà, mo ní ó di dandan kí n jáde. Àtẹ̀gùn kẹta ni mo dé tí ojú mi ṣú, ọmọ òtẹ́ẹ̀lì kan ló gbé mi padà. Orúkọ ìyá àgbà wà lẹ́nu mi ní gbogbo ìgbà yẹn, ṣùgbọ́n n kò pè é. Mo ní ibi tí wọ́n ní kí n ti pè é kọ́ nìyí, kí ara mi ṣáà yá ná. Ọjọ́ tí ara mi yá, ọjọ́ náà la wọ bọ́ọ̀sì lọ sí pápákọ̀ òfurufú. Obìnrin tó ń dé fìlà funfun fi ìgò omi Jọ́dánì kékeré kan sí mi lọ́wọ́. Ó ní kí n má sunkún mọ́, kò sí ẹni tó mọ̀ pé n kò jáde.

Bóyá gbólóhùn yẹn ló bà mí jẹ́. Nígbà tí mo sọ̀kalẹ̀ nínú takisí ní Igbotako, àwọn obìnrin ìjọ ti tò sẹ́bàá ọ̀nà, wọ́n ń kọrin. Wọ́n gba àpò lọ́wọ́ mi, wọ́n ń pè mí ní Ìyá Jerúsálẹ́mù, wọ́n ń fọwọ́ kan ẹsẹ̀ mi nítorí pé ó ti tẹ ilẹ̀ mímọ́. Èmi tí mo máa ń gba àárín ìlú yìí kọjá láìsí ẹni tó bi mí pé níbo ni mò ń lọ, èmi ni wọ́n yí ká. Mo ń wá àyè láti sọ ọ́. Mo ní kí wọ́n kọrin parí ná. Nígbà náà ni ìyá àgbà la àárín wọn kọjá pẹ̀lú ọ̀pá rẹ̀, ó di ọwọ́ mi méjèèjì mú, ó ní, "Ṣé o pè é?"

Mo ní, "Mo pè é, Mà."

Ó di ojú rẹ̀. Ó dúró bẹ́ẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, orin ń lọ lórí wa, lẹ́yìn náà ó tú mi sílẹ̀, ó sì yí padà sílé.

Nígbà tí sáà ẹ̀kọ́ tuntun bẹ̀rẹ̀, ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ wa ní nísinsìnyí tí mo ti fojú rí i, kí n kọ́ àwọn ọmọ dáadáa. Mo kó àwọn ọmọ kíláàsì kejì tí wọ́n fẹ́ jọ, a sì ń pàdé ní gbogbo ọ̀sán Ọjọ́rú. Mo lọ tẹ àwòrán ní Okitipupa: àwọn ihò àpáta tí wọ́n ti rí ìwé àtijọ́, àwọn ìṣà amọ̀ tí wọ́n kó ìwé náà sí, àti awọ ẹran tí wọ́n kọ ọ̀rọ̀ àwọn wòlíì sí, tí wọ́n wá ká bí ẹni. Mo kà nípa wọn lórí fóònù títí ojú mi fi ń ro mí. Nípa ti ìwé àtijọ́ wọ̀nyẹn, n kò purọ́ kankan. Ohun tí mo kà ni mo kọ́ wọn. Ibi tí irọ́ ti ń wọlé ni bí wọ́n bá bi mí pé, "Mà, báwo ló ṣe rí lójú yín?" Màá wá gbé ojú sókè bí ẹni tó ń rántí.

Àwọn ọmọ náà mú iṣẹ́ yẹn ní òkúnkúndùn ju bí mo ṣe rò lọ. Wọ́n kó bébà àpò sìmẹ́ǹtì jọ, wọ́n fi abẹ́rẹ́ rán an pọ̀ títí ó fi gùn bí aṣọ ìbora. Ọmọbìnrin Mùsùlùmí kan wà láàárín wọn tí bàbá rẹ̀ ń kọ́ni ní kéwú. Bàbá náà wá sí ilé-ẹ̀kọ́ fúnra rẹ̀, ó kọ́ wa bí a ṣe ń fi dúdú ìdí ìkòkò po tàdáwà, yíǹkì tí wọ́n fi ń kọ wàláà, ó sì gbẹ́ gègé ìkọ̀wé fún wa. A bẹ̀rẹ̀ sí í da ìwé ọ̀kan nínú àwọn wòlíì kọ, orí kan fún ọmọ kan. Lọ́jọ́ kan, a ń wo àwòrán awọ àtijọ́ náà dáadáa, ọmọ-ọmọ ìyá àgbà fi ìka sí ibì kan tí ọ̀rọ̀ kéékèèké há sáàárín ìlà méjì. Mo ṣàlàyé pé akọ̀wé ìgbà náà ló fo ọ̀rọ̀, nígbà tó rí i, ó kọ ọ́ sókè ìlà. Mo fi ibòmíràn hàn wọ́n tí wọ́n ti to àmì tó-tò-tó sórí ọ̀rọ̀ tí kò yẹ kó wà níbẹ̀.

Ọmọ náà bi mí pé, "Kí ló dé tí kò ya á dànù, kó kọ òmíràn?"

Mo ní awọ ẹran kì í ṣe bébà, a kì í ya á dànù bẹ́ẹ̀.

"Ṣé gbogbo ẹni tó bá ń kà á ló máa rí i pé ó ṣì í kọ, Mà?"

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, wọn á rí i. Mo sì yí padà sójú pátákó, mò ń bá iṣẹ́ mi lọ, bí ẹni tí ọ̀rọ̀ náà kò kàn.

Nítorí pé a kò lè lọ sí Jerúsálẹ́mù, mo kó wọn lọ sí àwọn ibi mímọ́ tiwa. A lọ wo ìpìlẹ̀ ilé ìjọsìn àkọ́kọ́, tí igbó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ bò tán. A wo Bíbélì ńlá tí ikán ti jẹ ẹ̀yìn rẹ̀ nínú yàrá pásítọ̀. A gba inú oko ọ̀pẹ lọ sí odò kékeré tí wọ́n ti ri àwọn onígbàgbọ́ àkọ́kọ́ ìlú náà bọmi. Omi náà dúdú, ó ń ṣàn jẹ́ẹ́jẹ́ lábẹ́ igi, ọmọkùnrin tó bá mọ eré é sá lè fò ó. Ọ̀kan nínú wọn ní, "Mà, ṣé bí Jọ́dánì ṣe rí nìyí?" Mo rẹ́rìn-ín, mo ní Jọ́dánì fẹ̀ ju gbogbo pápá ilé-ẹ̀kọ́ wa lọ. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe ń rò ó láti kékeré. Ọ̀sẹ̀ bíi méjì lẹ́yìn náà, ọmọ-ọmọ ìyá àgbà mú àwòrán kan wá láti inú àwọn tí èmi fúnra mi tẹ̀. Ibi tí wọ́n ní Jésù ti rìbọmi ni, omi náà kò sì fẹ̀ ju odò tiwa lọ. Àwọn ènìyàn wà létí odò ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, wọ́n sún mọ́ra débi tí wọ́n lè bọ ara wọn lọ́wọ́. Ọmọ náà fi àwòrán náà lé tábìlì mi, ó wò mí. Mo ní ẹ̀ẹ̀rùn ni wọ́n ya àwòrán yẹn. Ó ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, Mà."

Òun náà ló máa ń mú ìbéèrè ìyá àgbà wá fún mi. Arúgbó náà kò lè rìn jìnnà mọ́ nígbà yẹn, àwọn ẹ̀kọ́ Ọjọ́rú ni ọmọ náà ń lọ tún sọ fún un lálẹ́. Ó ní, "Màmá àgbà ní kí n bi yín: orúkọ tí àwọn ní kí ẹ pè, ṣé ẹ pè é síta ni àbí ẹ pè é sínú?" Mo ní mo pè é síta. Ọ̀sẹ̀ kejì, ó tún dé: "Màmá àgbà ní kí ni àwọn tó dúró níbẹ̀ ṣe nígbà tí wọ́n gbọ́ orúkọ tí wọn kò gbọ́ rí?" Mo ní obìnrin kan wẹ̀yìn wò mí. Ọ̀sẹ̀ kẹta, kí wọ́n tó bi mí ní nǹkan kan, èmi fúnra mi ní kí ó sọ fún un pé bí mo ṣe pè é tán, atẹ́gùn kan fẹ́.

N kò mọ ohun tó gbé atẹ́gùn sí mi lẹ́nu. Àánú arúgbó náà ló ń ṣe mí, mo fẹ́ fún un ní nǹkan. Ṣùgbọ́n ẹyin lohùn. Kí oṣù tó parí, ìyá àgbà ti jẹ́rìí atẹ́gùn náà fún àwọn obìnrin tó wá bẹ̀ ẹ́ wò, àwọn obìnrin ti sọ ọ́ fún pásítọ̀, wọ́n sì ní kí n wá sọ ọ́ fún ìjọ. Mo dúró níwájú, mo sọ ọ́. Ohùn mi dùn. Àwọn kan sunkún.

Láti ìgbà náà, ilé mi kò ṣófo mọ́. Wọ́n ń wá kí mi, wọ́n ń gbé iṣu wá, wọ́n ń ní kí n gbàdúrà fún àwọn. Ẹni tó bá wò mí nígbà yẹn á ní mo ti bọ́ lọ́wọ́ ìdánìkanwà. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ti jókòó tì mí, ẹlòmíràn ni wọ́n ń bá sọ̀rọ̀, obìnrin kan tó dúró níbi tí Jésù ti dúró rí, tí atẹ́gùn fẹ́ sí lára. Èmi tí mo sùn sínú yàrá fún ọjọ́ mẹ́fà, ẹnikẹ́ni kò béèrè mi. N kò sì lè mú un jáde wá kí wọ́n kí i. Nígbà tí wọ́n bá lọ tán, màá jókòó sórí ibùsùn, yóò sì ṣe mí bí ẹni pé èmi ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọlé.

Àárẹ̀ ìyá àgbà le sí i ní ìbẹ̀rẹ̀ ẹ̀ẹ̀rùn. Ó ránṣẹ́ pè mí lọ́sàn-án ọjọ́ kan. Yàrá rẹ̀ tutù, ó ń rùn fún epo àti oògùn ìpara. Wọ́n fi ìrọ̀rí gbé e jókòó. Ó ní, "Jókòó, Tíṣà. Sọ ti atẹ́gùn yẹn fún mi. Lẹ́nu ìwọ gan-an ni mo fẹ́ ti gbọ́ ọ. Ọmọ yìí máa ń yára sọ̀rọ̀ jù."

Mo la ẹnu. Gbogbo ọ̀rọ̀ náà wà létòlétò bí mo ṣe sọ ọ́ nínú ìjọ. Mo wo ojú rẹ̀, mo rí i pé ó ti gbé etí sílẹ̀ bí ọmọdé, mo sì mọ̀ pé ohun tí mo bá sọ lọ́sàn-án yẹn ni yóò mú lọ.

Mo ní, "Mà, n kò débẹ̀."

"Níbo?"

"Ibi tí ẹ ní kí n dúró sí. N kò dé ibì kankan. Ibà dá mi dúbúlẹ̀ ní ọjọ́ kejì. Inú yàrá ni mo wà títí a fi padà."

Ó ní, "Orúkọ mi ńkọ́?"

"N kò pè é, Mà."

"Atẹ́gùn yẹn ńkọ́?"

"Kò sí atẹ́gùn kankan."

Mo ti dọ̀bálẹ̀ bí ọkùnrin kí n tó mọ̀; n kò tilẹ̀ rántí kúnlẹ̀. Ó wò mí títí. N kò rí ìbínú lójú rẹ̀, ì bá sì sàn fún mi bí mo bá rí i. Ó yí ojú sí ògiri, ó ní, "Ó dáa. Máa lọ sí ulé rẹ," bí àwọn àgbà Ìkálẹ̀ ṣe ń pe ilé. Bí mo ṣe ń jáde, ọmọ-ọmọ rẹ̀ dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ó ti gbọ́ gbogbo rẹ̀.

Ní Ọjọ́rú tó tẹ̀ lé e, mo sọ ọ́ fún àwọn ọmọ náà. N kò ṣe é gùn. Mo ní mo lọ sí Jerúsálẹ́mù, ara mi kò yá, n kò rí nǹkan kan, gbogbo ohun tí mo ní mo fojú rí, irọ́ ni. Mo ti múra sílẹ̀ fún ẹ̀rín, kò sí ẹni tó rẹ́rìn-ín. Ọmọ kan níwájú ló gbé ọwọ́ sókè, ó ní, "Mà, ṣé àwọn ihò àpáta yẹn wà lóòótọ́?"

Mo ní wọ́n wà.

"Àti àwọn ìwé inú wọn?"

Mo ní wọ́n wà, gbogbo rẹ̀ pátá.

Ó ní, "Báwo la ṣe máa mọ̀ nísinsìnyí, Mà?"

Ìyà tí mo jẹ nítorí ọ̀rọ̀ yìí pọ̀, ṣùgbọ́n ìbéèrè yẹn ló wọ̀ mí lára jù. Ọmọ náà kò fi gún mi lára rárá. Ó fẹ́ mọ̀ ni. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a, a máa ń sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Ẹnikẹ́ni kò sọ fún mi pé bí òtítọ́ bá dé, ó lè bá irọ́ nídìí òtítọ́ mìíràn, tí wọn kò ní mọ èwo ni kí wọ́n gbà gbọ́ mọ́. Ọmọ-ọmọ ìyá àgbà, tí kò tíì wo ojú mi láti òwúrọ̀, tẹ gègé bọ tàdáwà, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ìwé rẹ̀ lọ láti ibi tó dúró sí. Àwọn yòókù wò ó, wọ́n fa tiwọn jáde lọ́kọ̀ọ̀kan.

Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta ni ó wá kan ilẹ̀kùn mi. "Màmá àgbà ní kí ẹ máa bọ̀."

Ìyá àgbà kò béèrè bí mo ṣe jí. Ó ní kí n jókòó sí ibi tí òun ti lè rí mi, kí ọmọ náà sì jáde. Ó ní, "Pè é."

Mo pè é jẹ́ẹ́jẹ́. Ó ní òun kò gbọ́. Mo gbé ohùn sókè, mo pe orúkọ náà bí a ṣe ń pe ọmọ tó ń ṣeré lẹ́yìnkùlé. Ìyá àgbà gbé orí kúrò lórí ìrọ̀rí. Ojú rẹ̀ kò sí lára mi. Ó ń wo ẹnu ọ̀nà. Ó dáhùn pẹ̀lú ohùn kan tí n kò gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ rí, ohùn tín-ín-rín, ó ní, "Ìyá, mò ń bọ̀."

Ó pẹ́ kí ó tó nu ojú rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó ní, "Ọjọ́ mẹ́fà tí o fi sùn nínú yàrá yẹn, kí lo ń wò?" Kò tíì sí ẹni tó bi mí bẹ́ẹ̀ rí. Mo sọ ti ògiri fún un, àti ti obìnrin tó ń sá aṣọ. Nígbà tí mo dé orí bàbá arúgbó tó ń bó ọsàn, ó bi mí bóyá ó ní ẹni tó ń fún ní díẹ̀ níbẹ̀. Mo ní n kò rí ẹnì kankan. Ó mi orí, ó ní, "Òun náà ń dá wà nìyẹn."

N kò ní sọ fún yín pé ó dárí jì mí, nítorí pé kò sọ ọ́, n kò sì béèrè. Ohun tí mo mọ̀ ni pé mo ń lọ sọ́dọ̀ rẹ̀ ní gbogbo Ọjọ́bọ̀ lẹ́yìn ìgbà náà, kò sì lé mi. Ibòmíràn ni wọ́n ti yẹra fún mi, nígbà tí àwọn ọmọ kíláàsì mi sọ ọ́ nílé. Olórí àwọn obìnrin ìjọ wá bá mi pẹ̀lú sùúrù, ó ní kí n sinmi díẹ̀ nínú kíkọ́ àwọn ọmọdé lọ́jọ́ ìsinmi. Ìsinmi náà kò tíì tán di òní. Ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ ní kí ìpàdé Ọjọ́rú dúró títí ariwo yóò fi rọlẹ̀. Iṣu kò dé mọ́. Ọ̀sán mi padà sí bó ṣe wà tẹ́lẹ̀, èmi àti rédíò. N kò lè sọ pé kò dùn mí. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo bá jókòó sórí ibùsùn lálẹ́, èmi ni mo jókòó síbẹ̀.

Ìyá àgbà kú nígbà tí òjò àkọ́rọ̀ bẹ̀rẹ̀. Wọ́n lẹ bébà ìkéde òkú mọ́ ògiri kákiri ìlú, orúkọ rẹ̀ mẹ́ta sì wà níbẹ̀, ti ìrìbọmi, ti ọkọ, àti èyí tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́. Mo kà á lẹ́ẹ̀mejì níwájú ọjà. Mo dúró sẹ́yìn pátápátá lọ́jọ́ ìsìnkú, láàárín àwọn tí kò mọ̀ mí. N kò tíì sọ orúkọ kẹrin yẹn fún ẹnikẹ́ni, n kò sì ní kọ ọ́ síhìn-ín. Kì í ṣe tèmi láti fún ni.

Ọdún mélòó kan ti kọjá. Wọ́n gbé mi lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ kan ní Ìrẹ̀lẹ̀, ìfẹ̀yìntì mi kò sì jìnnà mọ́. N kò ní ọ̀rẹ́ púpọ̀ níbẹ̀. Ní oṣù tó kọjá, àwa olùkọ́ jókòó ní àkókò ìsinmi, a ń jẹ ẹ̀pà, ọ̀dọ́bìnrin kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ iṣẹ́ ní bàbá òun ń múra láti lọ sí Jerúsálẹ́mù, ó sì bi mí bóyá mo ti débẹ̀ rí. Mo ní, "Mo lọ nígbà kan, ṣùgbọ́n ibà dá mi dúbúlẹ̀, n kò rí ibì kankan."

Ó ní, "Ẹ pẹ̀lẹ́, Mà. Ìyẹn á ti dùn yín gan-an." Ó na ẹ̀pà sí mi, ó sì bi mí bóyá mo ti jẹun láti àárọ̀.

Ọ̀rọ̀ náà parí síbẹ̀. Wọ́n ti bọ́ sórí ìdánwò àti owó oṣù, èmi ṣì jókòó, ẹ̀pà wà lọ́wọ́ mi, mò ń wo bí gbólóhùn òtítọ́ tí mo sọ náà ṣe kúrú tó. Nígbà tí agogo lù, mo gbọn èèpo kúrò lára aṣọ mi, mo mú ṣọ́ọ̀kì, mo sì lọ sí kíláàsì.